Èló Ni Wọ́n Pè Mí?

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Ansaldo ní Genoa ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí,
èmi akọ̀wé, pẹ̀lú tàdáwà àti ìyẹ́ mẹ́ta tí mo gbẹ́ lẹ́nu,
pé kí n wá ka ohun tí ọlọ́lá fi sílẹ̀.
Gbèsè ni mo kọ́kọ́ rí.
Gbèsè ọtí, gbèsè ẹṣin,
gbèsè aṣọ àrán tí òkú wọ̀ lọ sí sàréè.

Ara ògiri ni owó wà.
Bàbá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ó ra àwòrán kan
nítorí pé aládùúgbò rà méjì.
Aládùúgbò gbọ́, ó ra mẹ́rin.
Báyìí ni ọlá ṣe gun ògiri bí ìtàkùn,
ó gun yàrá, ó gun àtẹ̀gùn,
títí àwòrán fi bo ojú fèrèsé,
tí a fi ń tan àbẹ́là lọ́sàn-án gangan
ká tó rí oòrùn tí ẹnìkan fi ọ̀dà kùn.

Gillis wá láti Antwerp nínú ọkọ̀ ẹja gbígbẹ.
Ọmọ aláṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tíì gbàgbé:
ó na ìka sí ẹni mímọ́, ó ní igbọ̀nwọ́ mẹ́ta;
ó na ìka sí ojú ogun, ó ní igbọ̀nwọ́ méje, ọ̀rinrin ti bà á jẹ́ nísàlẹ̀.
Ó tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ áńgẹ́lì.
"Ọba kan wà lókè òkun," ó ní, "tí kò tíì rí èyí,
tí kò sì lè sùn torí pé ó ti gbọ́ nípa rẹ̀."
Mo béèrè orúkọ ọba náà. Ó rẹ́rìn-ín.

Battina opó ń gbọ́ iye wọn
bí ẹni ń gbọ́ orúkọ àwọn tó kú lógun.
Ẹyọ kan ni kò jẹ́ n kọ: àwòrán ajá ọkọ rẹ̀.
Gillis ní ajá náà kò tó owó férémù rẹ̀.
"Ó dára," ló wí. "Mú férémù lọ."

Nígbà tó kan ìkọkànlélógójì, Gillis dákẹ́.
Obìnrin kan jókòó, ọmọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀,
ìmọ́lẹ̀ yí orí rẹ̀ ká bí etí àwo wúrà,
ẹsẹ̀ kan yọ lábẹ́ aṣọ, àtàǹpàkò rẹ̀ wọ́.
Gillis ò tutọ́. Ó ṣí fìlà.
Ó dárúkọ iye tó tó ra ọgbà àjàrà kan
pẹ̀lú àwọn tó ń ro ó.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún.
Nicolosia ni, arúgbó alágbàfọ̀,
apẹ̀rẹ̀ aṣọ níbàdí, ẹsẹ̀ lásán,
àtàǹpàkò rẹ̀ wọ́.
Kò wo ẹnìkankan nínú wa; ògiri ló ń wò.
"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó fún un. Ó ní n má mí.
Búrẹ́dì kan lójúmọ́, àlùbọ́sà lọ́jọ́ Àìkú.
Ọmọ yẹn kì í ṣe tèmi, ti oníbúrẹ́dì ni, ó ń tọ̀ sí mi lára.
Akọ̀wé, èló ni wọ́n pè mí?"

Gillis yíjú sí òkun.
Ìṣirò ni oúnjẹ mi, mo dá a nínú orí:
aṣọ mélòó ni obìnrin yìí yóò fọ̀, tí yóò fún, tí yóò sá,
kó tó ra ara rẹ̀ padà?
Mo kà dé igba ọdún, mo dúró.
"Ìyá, ó pọ̀."
"Ó tó búrẹ́dì mélòó?"

Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi koríko gbígbẹ dì í.
Wọ́n wá aṣọ rírọ̀ tí wọn yóò fi bo ojú rẹ̀,
wọ́n fa ọ̀kan yọ nínú apẹ̀rẹ̀ Nicolosia,
òórùn ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀.
Ó tiro tẹ̀ lé wọn dé èbúté,
kì í ṣe torí àwòrán.
"Ẹ dá aṣọ ibùsùn yẹn padà! Mo ti kà á.
Bó bá dín, owó mi ni wọn ó gé!"
Ọkọ̀ ti tú okùn.

Mo ṣí ìwé. Lábẹ́ iye ọgbà àjàrà
mo kọ ọ́ wẹ́rẹ́: aṣọ ibùsùn kan, Gillis ló mú un lọ,
kí ẹnikẹ́ni má bi alágbàfọ̀.